Níti Àwọn Kòkòrò Tí Ń Ran Àgbẹ̀ Lọ́wọ́

Nígbà tí àgbẹ̀ bá dé oko ní òwúrọ̀, tí ó sì bá kòkòrò lórí ewé ohun ọ̀gbìn rẹ̀, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni láti pa á. Bí ó bá ṣe é fi ọwọ́ tẹ̀, yóò tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá pọ̀, yóò da eérú sí wọn lára, tàbí kí ó lọ ra oògùn ní ọjà. A kò lè bá a wí, nítorí ẹni tí ó ti fi oṣù púpọ̀ tẹ̀ ba fún ebè kò ní sùúrù fún ajẹnirun. Ṣùgbọ́n nínú àwọn kòkòrò tí a ń pa bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan wà tí kì í jẹ ewé rárá, tí ó jẹ́ pé kòkòrò ẹlẹgbẹ́ wọn ni oúnjẹ wọn. Ẹni tí ó bá pa àwọn wọ̀nyí ti pa ọdẹ tí ń ṣọ́ oko rẹ̀.

Ìtàn kan wà lórí ọ̀ràn yìí tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń jẹ gàrí mọ̀, pàápàá nítorí pé ní Ìbàdàn ni apá tí ó ṣe pàtàkì jùlọ nínú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Gbágùúdá, tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní ẹ̀gẹ́ tàbí pákí, kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ Áfíríkà. Amẹ́ríkà ti Gúúsù ni orírun rẹ̀. Àwọn Pọtogí ni ó gbé e kọjá òkun wá ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àwọn Àgùdà tí wọ́n sì ti Bràsíìlì padà wá sí Èkó àti àwọn ìlú etíkun ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún wà lára àwọn tí ó mú kí gàrí di oúnjẹ tọ́mọdé tàgbà. Kí olùkàwé kíyè sí i pé igi nìkan ni wọ́n gbé wá. Púpọ̀ nínú àwọn kòkòrò tí ń jẹ ẹ́ ní ilẹ̀ baba rẹ̀ kò bá ọkọ̀ dé. Òótọ́ ni pé tata ń jẹ ewé rẹ̀ níhìn-ín, àrùn tí ń mú kí ewé ká kò sì ṣàìbá a jà, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀tá rẹ̀ àtijọ́ wà lẹ́yìn odi fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún.

Ní ọdún 1973 ni ọ̀kan nínú wọn dé. Ní àyíká Kinshasa àti Brazzaville, ní ẹ̀bá odò Kóńgò, ni a ti kọ́kọ́ rí i: kòkòrò kékeré kan tí ara rẹ̀ funfun bí ẹni pé a yí i mọ́ ìyẹ̀fun. Nítorí náà a óò máa pè é ní kòkòrò oníyẹ̀fun. Ọ̀mùnú igi ni ó fẹ́ràn jù. Níbẹ̀ ni ó ń kó ara jọ sí, tí ó sì ń mu omi inú igi. Itọ́ rẹ̀ a sì máa ṣe bí oró, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀mùnú fi ń dì pọ̀ di ìdì kan, tí igi kò lè gùn mọ́, tí ewé ń rẹ̀ dànù, tí igi fúnra rẹ̀ sì ń lọ́. Kò sí akọ láàárín wọn. Abo ni gbogbo wọn, olúkúlùkù a sì máa yé ẹyin láìní ọkọ, ẹyin ọ̀kan ṣoṣo sì lè tó 400. Afẹ́fẹ́ a máa gbé àwọn ọmọ rẹ̀ láti oko dé oko; ènìyàn a sì máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé wọn láti ìlú dé ìlú nínú igi tí ó fẹ́ lọ gbìn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni agbára rẹ̀ ń pọ̀, nítorí òjò líle a máa fọ̀ wọ́n kúrò lára igi.

Níbi tí ọ̀ràn náà ti le, àgbẹ̀ a wa ebè rẹ̀ kò ní bá ìdajì ohun tí ó yẹ kí ó bá. A tilẹ̀ ti rí oko tí àdánù rẹ̀ tó 80 nínú 100. Ní ilẹ̀ Kóńgò ìyà náà di ìlọ́po méjì, nítorí ewé gbágùúdá ni ẹ̀fọ́ wọn, ewé náà kò sì sí mọ́. Igi tí kòkòrò ti lọ́ kò sì dára fún gbígbìn, nítorí èyí ẹni tí ó pàdánù lọ́dún yìí kò rí igi gidi fi bẹ̀rẹ̀ ti ọdún tí ń bọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1979 kòkòrò náà ti dé Nàìjíríà àti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, gbogbo ilẹ̀ tí a ti ń gbin gbágùúdá, láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé ìlà-oòrùn Áfíríkà, ni ó sì wà nínú ewu.

Oògùn ha kọ́ ni à bá fi pa á? Àgbẹ̀ tí ń ta gàrí ní kóńgò-kóńgò kò ní owó oògùn tí yóò fọ́n sí oko éékà mẹ́ta ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárín ẹ̀ẹ̀rùn kan. Bí ó bá tilẹ̀ ní in, kòkòrò náà wà nínú ìdì ewé tí oògùn kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ̀. Àwọn tí ń jẹ ewé náà yóò sì jẹ oògùn pọ̀ mọ́ ọn.

Ní Ìbàdàn ni ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a ń pè ní IITA wà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967. Ní ọdún 1979 ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ kòkòrò kan láti ilẹ̀ Swítsálándì, Hans Herren, wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìrònú rẹ̀ kò ṣòro. Bí kòkòrò yìí bá ti Amẹ́ríkà ti Gúúsù wá, tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ kò sì ké gbàjarè nítorí rẹ̀, a jẹ́ pé ohun kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ ẹ́ tí kì í jẹ́ kí ó pọ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ wa láìsí ọ̀tá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a lọ wá ọ̀tá náà.

Wíwá rẹ̀ kò rọrùn bí sísọ rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ wá a ní apá àríwá Amẹ́ríkà ti Gúúsù, wọ́n sì rí kòkòrò funfun kan lórí gbágùúdá níbẹ̀ tí ó jọ ti Áfíríkà bí ìbejì. Ayọ̀ wọn kò pẹ́. Nígbà tí a wò ó fínnífínní, a rí i pé òun ní akọ àti abo, ti Áfíríkà kò sì ní akọ. Irú mìíràn ni, àwọn tí ń jẹ ẹ́ kò sì wúlò fún wa. Ó di ọdún 1981 kí Anthony Bellotti, tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí CIAT ní Kòlóńbíà, tó rí ojúlówó rẹ̀ ní ilẹ̀ Paraguay. Ó kéré níye níbẹ̀, lára rẹ̀ ni a sì ti rí agbọ́n wẹ́rẹ́ kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Anagyrus lopezi nísinsìnyí.

A kò gbé agbọ́n náà wọ Ìbàdàn lójú ẹsẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni a kọ́kọ́ kó o lọ, sínú ilé tí a tì pa, láti wádìí bóyá kò ní àrùn tí yóò kó wá, bóyá kì í sì í jẹ ohun mìíràn tí ó wúlò. Ìṣọ́ra yìí kì í ṣe àṣejù. Ní ọdún 1935 àwọn ará Ọsirélíà kó ọ̀pọ̀lọ́ ńláńlá kan wọ ilẹ̀ wọn kí ó lè bá wọn jẹ kòkòrò oko ìrèké. Ọ̀pọ̀lọ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ ka kòkòrò ìrèké sí, ó jẹ gbogbo ohun mìíràn, ẹranko tí ó bá sì pa á jẹ a kú nítorí oró ara rẹ̀. Títí di òní ni wọ́n ń bá a jà. Ohun tí ń jẹ ohun gbogbo kò yẹ ní gbígbé wọ ìlú. Agbọ́n ti Paraguay yàtọ̀, nítorí kòkòrò oníyẹ̀fun ti gbágùúdá ni ó ń lépa.

Ní ìparí ọdún 1981 ni a tú àwọn àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Bí ènìyàn bá gbọ́ orúkọ agbọ́n, kí ó má ṣe rò ó sí èyí tí ń ta ni ní abẹ́ òrùlé. Èyí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, kò sì lè ta ènìyàn. Iṣẹ́ rẹ̀ rí báyìí: abo a máa rìn kiri lórí ewé, a máa fi ìwo rẹ̀ tọ́ kòkòrò oníyẹ̀fun wò, bí ó bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, a ki ẹyin kan bọ̀ ọ́ lára. Ẹyin náà a pa nínú ara kòkòrò, ọmọ agbọ́n a sì jẹ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kú. Awọ kòkòrò náà a le, a sì pọ́n bí ìkòkò kékeré. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ọmọ agbọ́n a dá ihò róbótó sí i, a sì fò jáde. Àwọn àgbà agbọ́n pẹ̀lú a máa gún àwọn kòkòrò mìíràn láti mu omi ara wọn.

Láti Ìbàdàn ni agbọ́n ti fi ìyẹ́ ara rẹ̀ tàn ká ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà láàárín ọdún díẹ̀. A sì ń sin òmíràn nínú ilé, a ń kó wọn lọ sí ìlú òkèèrè. Nígbà mìíràn ọkọ̀ òfuurufú ni a fi ń dà wọ́n sílẹ̀ lórí oko. Kí ọdún 1990 tó kọjá, ó ti fìdí múlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè tí ó ju 20 lọ, kòkòrò oníyẹ̀fun sì dín kù ní ibi púpọ̀ jùlọ dé ìwọ̀n tí kò fi lè pa àgbẹ̀ lára mọ́. Àgbẹ̀ kankan kò san kọ́bọ̀. Ní ọdún 1995 a fún Herren ní Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé. Nígbà tí kòkòrò kan náà sì já wọ Táílándì ní ọdún 2008, ilé iṣẹ́ IITA tí ó wà nítòsí Kútọnu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ni a ti kó agbọ́n ránṣẹ́ sí wọn.

Àwọn ènìyàn a máa béèrè pé, èé ṣe tí a ṣì ń rí kòkòrò funfun náà bí agbọ́n bá ti ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Kò pa á run, kò sì lè pa á run. Bí ìkẹyìn rẹ̀ bá kú lónìí, agbọ́n náà yóò kú lọ́la nítorí ebi, oko yóò sì wà láìní olùṣọ́. Àwọn méjèèjì ni ó gbọ́dọ̀ wà, ṣùgbọ́n kí ọ̀kan máa tẹ èkejì mọ́lẹ̀.

Ó kù ohun tí ó kan àgbẹ̀ gan-an, nítorí a ti rí i pé oko wà tí agbọ́n kò ti ṣe dáadáa. Èyí tí ó yani lẹ́nu jù níbẹ̀ ni ti ilẹ̀. Lórí ilẹ̀ oníyanrìn tí a ti gbìn títí tí agbára rẹ̀ ti tán, tí koríko kankan kò sì bò ó, igi gbágùúdá a rù, kòkòrò tí ń mu omi rẹ̀ pẹ̀lú a kéré. Abo agbọ́n a máa wo ìwọ̀n kòkòrò kí ó tó yé sí i: bí ó bá tóbi, a yé ẹyin tí yóò di abo, bí ó bá kéré, a yé èyí tí yóò di akọ. Nítorí náà, lórí ilẹ̀ tí ó ti ṣá, akọ nìkan ni ó ń pọ̀, akọ kì í sì í yé ẹyin. Nígbà tí a fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀, tí a sì fún un ní ajílẹ̀, igi yọ, kòkòrò tóbi díẹ̀, abo agbọ́n sì pọ̀ láti borí wọn. Ta ni ì bá rò pé ajílẹ̀ a máa pa kòkòrò?

Ọ̀ràn èèrà ni èkejì. Kòkòrò oníyẹ̀fun a máa tú omi dídùn sílẹ̀ láti ìdí rẹ̀, èèrà a sì máa wá lá a. Nítorí omi yìí èèrà a máa lé agbọ́n, gẹ́gẹ́ bí darandaran ti ń lé ajá kúrò lẹ́yìn ẹran rẹ̀. Níbi tí èèrà bá ti ń tò lọ tò bọ̀ lórí igi tí ó ní kòkòrò funfun, kí àgbẹ̀ mọ̀ ìdí rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni oògùn. Nínú àwọn oko tí a fi oògùn apakòkòrò dán wò, agbọ́n ni ó kọ́kọ́ kú, kòkòrò oníyẹ̀fun sì pọ̀ ju ti oko tí a kò fọ́n nǹkan sí lọ. Ẹni tí ó fọ́n oògùn náà ti fi owó ra ìyà.

Irú iṣẹ́ yìí kan náà ni a ti ṣe fún igi mángòrò, nígbà tí kòkòrò funfun mìíràn láti Éṣíà mú kí igi mángòrò ní Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà dúdú bí èédú tí wọn kò sì so. Agbọ́n láti Íńdíà, tí a tú sílẹ̀ ní Tógò ní ọdún 1987, ni ó gbà wọ́n. Fún kòkòrò aláwọ̀ ewé wẹ́wẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tí ń mu ewé gbágùúdá, ẹ̀yà rẹ̀ kan tí ń pa irú rẹ̀ jẹ ni a kó wá láti Bràsíìlì, a sì tú u sílẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ ní ọdún 1993. Èyí a máa sá pamọ́ sínú ọ̀mùnú ní ọ̀sán, bí ilẹ̀ bá sì ṣú a sọ̀ kalẹ̀ sórí ewé lọ ṣe ọdẹ. Igi gbágùúdá tí ọ̀mùnú rẹ̀ ní irun ni ó ń gbé jù, nítorí náà irú igi tí àgbẹ̀ yàn láti gbìn a máa sọ bóyá yóò ní àlejò náà tàbí kì yóò ní in.

Èyí mú wa dé ọ̀dọ̀ àwọn ohun ọ̀gbìn tí ń ran ara wọn lọ́wọ́. Herren kan náà lọ ṣe olórí ilé ìwádìí kòkòrò tí ó wà ní Nairobi, ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, láti ọdún 1994, láàárín àwọn ọdún wọ̀nyí ni Zeyaur Khan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn ará Rothamsted ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ọgbọ́n kan kalẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ àgbàdo. Àfòpiná kan a máa yé sí ewé àgbàdo, ọmọ rẹ̀ a sì máa gbẹ́ inú igi rẹ̀. Wọ́n gbin ewéko kan bí ẹ̀wà, tí a ń pè ní desmodium, sáàárín ipa àgbàdo. Òórùn rẹ̀ a máa lé àfòpiná. Wọ́n gbin eésún yí oko ká. Òórùn tirẹ̀ a máa fa àfòpiná mọ́ra, ó sì ń yé sí i, ṣùgbọ́n oje eésún a máa mú àwọn ọmọ rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn a sì kú níbẹ̀. Ọ̀kan ń lé e láti inú oko, èkejì ń pè é láti etí oko. Gbòǹgbò desmodium tún ń pa koríko afàmu tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ọkà. Ọgbọ́n náà dára púpọ̀ fún ẹni tí ó ní màlúù, nítorí méjèèjì jẹ́ oúnjẹ ẹran. Àgbẹ̀ tí kò ní ẹran ọ̀sìn kan, tí ó kàn lọ gbin eésún yí oko rẹ̀ ká, yóò rí iṣẹ́ gígé rẹ̀.

Ní ti àwọn bàbá wa, wọn kì í gbin ohun kan ṣoṣo sí ebè, wọn kò sì ṣìṣe. A ti dán an wò pé bí a bá gbin ẹ̀wà sáàárín àgbàdo, kòkòrò tíńtín tí ń gbé inú òdòdó ẹ̀wà, tí ń mú kí òdòdó rẹ̀ dànù, a máa dín kù. Ṣùgbọ́n èyí tí ń lu ihò sínú pódi ẹ̀wà kò ka àgbàdo sí. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn wọ̀nyí rí, ohun ọ̀gbìn kan a lé kòkòrò kan, kò ní lé gbogbo wọn. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé kí òun gbin òdòdó tí à ń pè ní marigold sí ẹ̀gbẹ́ tòmátì kí aràn inú ilẹ̀ má bàa sọ gbòǹgbò rẹ̀ di kókó-kókó, òtítọ́ kan wà nínú ohun tí ó gbọ́, ṣùgbọ́n igi òdòdó méjì ní igun ọgbà kò lè ṣe é. A gbọ́dọ̀ gbìn ín dí kí ó kún ilẹ̀ náà fún nǹkan bí oṣù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́yìn náà kí a ro ó kúrò, kí tòmátì wá gba ipò rẹ̀.

Nínú ọgbà ẹ̀fọ́ ẹ̀yìn ilé, àwọn ọdẹ tí ó yẹ kí a mọ̀ lójú kò pọ̀. Kòkòrò róbótó pupa tí ó ní àmì dúdú lẹ́yìn ni èkínní. Ọmọ rẹ̀ kò jọ ọ́ rárá, ó gùn, ó dúdú, ó rí bí ọ̀nì kékeré, àwọn ènìyàn a sì máa pa á nítorí ojú rẹ̀ burú. Àwọn méjèèjì ń jẹ kòkòrò dúdú wẹ́wẹ́ tí ń tò sára ọ̀mùnú ẹ̀wà bí iná orí. Eṣinṣin kan tún wà tí ara rẹ̀ ní ìlà dúdú àti ofeefee bí oyin, tí ń dúró gbọin nínú afẹ́fẹ́. Ọmọ rẹ̀ jẹ́ ìdin tí kò ní ẹsẹ̀, oúnjẹ kan náà ni ó sì ń jẹ. Eṣinṣin náà fúnra rẹ̀ òdòdó ni ó ń lá, nítorí náà kí a jẹ́ kí ẹfinrin díẹ̀ gbó títí yóò fi tan òdòdó ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà, kí a má gé gbogbo rẹ̀ fún ọbẹ̀. Aláǹtakùn kò yẹ ní lílù jáde kúrò nínú ọgbà. Bí ó bá sì pọn dandan kí a lo oògùn sí ẹ̀fọ́, kí iye ọjọ́ tí a kọ sí ara ìgò pé kí a tó ká a lọ sí ọjà, kí a má sì ṣe tọ́jú ìyókù sínú ìgò ọtí tàbí ti ohun mímu ọmọdé, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ni ó ti ṣọ̀fọ̀ nípa bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí agbọ́n ti Paraguay, kí ó lọ sí oko gbágùúdá ní oṣù kìíní tàbí oṣù kejì ọdún, nígbà tí ọyẹ́ bá mú. Kí ó wá igi tí orí rẹ̀ dì pọ̀, kí ó sì fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ṣí ewé rẹ̀. Láàárín àwọn funfun ni yóò ti rí àwọn tí ó ti pọ́n, tí wọ́n le, tí wọn kò sì mira mọ́. Bí ihò róbótó bá wà lára ọ̀kan, agbọ́n ti jáde níbẹ̀. Bí kò bá sí ihò, agbọ́n ṣì wà nínú rẹ̀. Kí ó má ṣe gé irú igi bẹ́ẹ̀ sun, kí ó sì fi ẹ̀rọ ìfọ́n oògùn sílẹ̀ nílé.